Ẹ̀gbà Fàdákà Tí Mo Fọ̀

Springdale, Maryland
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán

Rukayat, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo sì kí iṣẹ́ tuntun tó gbé ọ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ara rẹ mọlé níbẹ̀, kí gbogbo aláìsàn tí ọwọ́ rẹ bá kàn rí ìwòsàn. Mo mọ̀ pé Yorùbá kíkà máa ń fún ọ ní wàhálà. Má bínú, rọra kà á, kà á sókè bí o ṣe máa ń ṣe nígbà tí o wà lọ́mọdé, etí rẹ á gbọ́ ohun tí ojú rẹ ò bá mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló jáde bíi lẹ́tà lọ́yà, ó dùn ún kà, àmọ́ mo fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ni mo bá fà á ya.

Ìdí tábìlì ní kíṣìnnì ni mo wà. Mo ti fi bọ́ọ̀sì tí mò ń wà kó àwọn ọmọ dé ilé-ìwé láàárọ̀, mo ti gbé bọ́ọ̀sì síbi tí a ń gbé e sí, ó sì di aago méjì kí n tó padà lọ kó wọn. Màmá rẹ wà níbi iṣẹ́, ilé pa rọ́rọ́. Bí n kò bá kọ ọ́ nísinsìnyí, n kò ní kọ ọ́ mọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú tí o pè wá, ohùn rẹ ń dún bíi ti ẹni tó jẹ lọ́tìrì. O ní, “Daddy, Friday tó ń bọ̀ yẹn kọ́ o, èyí tó tẹ̀ lé e, wọ́n máa ṣe welcome fún àwa nọ́ọ̀sì tuntun. Everybody níbí ló ń wọ turquoise. Màá wọ ẹ̀gbà Mummy lọ!” Mo ní kí o má wọ̀ ọ́. O bi mí pé kí ló dé, mo ní kó má baà sọnù. O fi mí rẹ́rìn-ín, o ní mo ti ń darúgbó.

Irọ́ ni mo pa fún ọ, Àbẹ̀kẹ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ẹnì kan lè rí i lọ́wọ́ rẹ kó sì dá a mọ̀.

Ẹ̀gbà fífẹ̀ yẹn, tí òkúta turquoise márùn-ún tò lé lórí, tí o ti ń fi ṣeré láti kékeré, tí màmá rẹ bọ́ fún ọ ní ẹ́póòtù, kì í ṣe ti màmá rẹ. Kì í ṣe tèmi náà. Ìlú tí o wà yẹn gan-an ló ti wá, èmi ni mo sì bà á jẹ́. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri nínú ara mi, màmá rẹ pàápàá kò mọ̀.

O mọ̀ pé New Mexico ni mo ti kàwé kí n tó wá síbí, kí n tó fẹ́ màmá rẹ. Ohun tí mo máa ń sọ fún yín nípa ibẹ̀ kò ju pé afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbẹ, ètè èèyàn á sì máa là. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn, mu omi dáadáa. Àmọ́ mo ṣiṣẹ́ níbẹ̀ náà. Ilé ìtajà kan wà níta Gallup tí o wà yẹn, lẹ́bàá ọ̀nà, ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá mi. Trading post ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Àwọn Navajo, tí wọ́n ti ni ilẹ̀ yẹn kí òyìnbó tó débẹ̀, á kó irun àgùntàn àti kúbùsù tí wọ́n fọwọ́ hun wá, wọ́n á gba ìyẹ̀fun, kọfí, aṣọ àti kẹrosínì lọ. Bí àsìkò irun rírẹ́ kò bá tíì tó, wọ́n á bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́, ẹ̀gbà ọrùn tàbí bẹ́líìtì onífàdákà, wọ́n á fi dógò. A ó so bébà pélébé mọ́ ọn, a ó gbé e kọ́ inú yàrá tó ní ilẹ̀kùn irin.

Kò pẹ́ tí mo débẹ̀ tí mo fi rí i pé kì í ṣe irú ìdógò tí mo mọ̀ nílé. Yàrá onílẹ̀kùn irin yẹn ni àpótí gbogbo ẹbí agbègbè náà. Bí ayẹyẹ bá dé, wọ́n á wá mú ohun ọ̀ṣọ́ wọn, wọ́n á fi ṣe ayẹyẹ, wọ́n á tún dá a padà. Ọjọ́ tí a kọ sára bébà lè ti kọjá tipẹ́, ọ̀gá tó bá mọ ohun tó ń ṣe kò ní tà á, nítorí ó mọ ẹni tó ni ín, ó sì mọ ìyá ẹni náà. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá mìíràn wà lójú ọ̀nà yẹn tí wọ́n máa ń fi tuntun pààrọ̀ ògbólógbòó, tí wọ́n á ta ògbólógbòó fún àwọn arìnrìn-àjò. Ìdí nìyẹn tí ojú àwọn èèyàn náà fi mú sí ohun ọ̀ṣọ́ wọn. Wọ́n mọ̀ ọ́n nípa dúdú tó wà nínú ọnà rẹ̀, àti nípa àwọ̀ tí òkúta rẹ̀ ti yà nítorí ọdún tó ti pẹ́ lára èèyàn.

Ọ̀gá wa, òyìnbó kan tí à ń pè ní Mísítà Kóòlù, kì í ṣe èèyàn burúkú. Lórénà ló ń tọ́jú yàrá náà. Obìnrin Navajo ni, ó fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, òun ló sì kọ́ mi níṣẹ́. Òun ló sọ fún mi pé kí n yé fa ọwọ́ èèyàn tu bí mo bá ń bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, wẹ́rẹ́ ni wọ́n máa ń fọwọ́ kanra. Òun ló sọ fún mi pé kíkí mi ti pọ̀ jù. Mo máa ń bi àwọn àgbàlagbà léèrè ilé, ọmọ, àgùntàn, oorun àná, wọ́n á kàn máa wò mí. Bó bá gbé oúnjẹ wá, ó máa ń yọ ti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sọ́tọ̀ kó tó fún mi, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo sì sọ fún un. Fi ìyẹn sọ́kàn bí o ti ń kà á lọ.

Lọ́sẹ̀ kan, àìsàn ṣe ẹ̀gbọ́n Lórénà, ó sì fẹ́ lọ wò ó fún ọjọ́ méjì. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sí mi lọ́wọ́. Ó ní, “Ẹni tó bá wá, wo bébà rẹ̀, kí o fún un ní nǹkan rẹ̀. Má ṣe ju ìyẹn lọ.” Ó ní ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Bẹ́sì ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé wá mú ẹ̀gbà rẹ̀, nítorí ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin ti bàlágà, wọ́n sì fẹ́ ṣe ayẹyẹ rẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn, ohun ọ̀ṣọ́ ìyá àti ìyá ìyá ni ọmọbìnrin máa ń wọ̀ lọ́jọ́ náà.

Mo wo ẹ̀gbà náà. Gbogbo inú ọnà rẹ̀ dúdú.

O kò bá bàbá mi láyé, Àbẹ̀kẹ́. Alágbẹ̀dẹ fàdákà ni, ní Ìbàdàn. Nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, èèwọ̀ ni kí oníbàárà gba ohun ọ̀ṣọ́ rẹ̀ padà láìdán. Ìtìjú àwa ọmọ ilé ni. A ó se ọsàn wẹ́wẹ́ pẹ̀lú iyọ̀, a ó ju fàdákà sínú rẹ̀, a ó fi eérú bó o títí tí yóò fi máa kọ mọ̀nà. Láti ọmọ ọdún méje ni mo ti mọ iṣẹ́ yìí. Mo wá wo ẹ̀gbà ìyá àgbà yẹn, mo rò ó pé, ṣé bí wọ́n ṣe fẹ́ gbé e fún ọlọ́jọ́ nìyí? Àwọn wọ̀nyí ò mọ fàdákà tọ́jú. Mo fẹ́ kí ọ̀gá rí i pé ọmọ oníṣẹ́ ló gbà síṣẹ́. Mo fẹ́ kí Lórénà dé kó yà á lẹ́nu.

Mo ra ọsàn náà fúnra mi. Mo se é lórí sítóòfù tó wà lẹ́yìn ilé ìtajà. Fàdákà náà dán, ó dán ju bí mo ṣe rò lọ. Ṣùgbọ́n bàbá mi kò lo irú òkúta yẹn rí, ìlẹ̀kẹ̀ dígí nìkan la mọ̀, n kò sì mọ ohun tí omi ọsàn ń ṣe fún un. Òkúta tó jẹ́ àwọ̀ ojú ọ̀run ṣá bí ìgbà tí èèyàn bu ẹfun sí i. Ẹ̀rù bà mí. Mo fi òróró pa á, bóyá yóò padà. Ó di àwọ̀ ewé gbígbẹ, bí o ṣe mọ̀ ọ́n títí dòní. Mo nù ún, mo so bébà rẹ̀ mọ́ ọn, mo gbé e padà síbi tó wà. Mo ní bóyá wọn ò ní fura.

Jẹ́ kí n dúró níbí kí n bá ọ sọ̀rọ̀, torí nọ́ọ̀sì ni ọ́. O mọ iṣẹ́ rẹ, màmá rẹ ló kọ́ ọ ní ìwà rẹ̀ kí yunifásítì tó kọ́ ọ ní ìyókù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù fún ọ nìyẹn. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan á béèrè. Èmi tí mo mọ̀ kò béèrè. Bí o bá wọ yàrá aláìsàn kan, tí o rí àpò kékeré lọ́rùn rẹ̀ tàbí ìdì ewé lábẹ́ ìrọ̀rí, tó dà bíi pé ó yẹ kí o mú un kúrò kí ibẹ̀ lè mọ́, béèrè ná. Bí ìyá àgbà bá dákẹ́ nígbà tí o bi í ní nǹkan, má rò pé kò gbọ́ ọ tàbí pé ó ń rí ọ fín. Dúró. Ó ń ronú ni. Àwa Yorùbá kì í fẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ jókòó láàárín wa, a ó ti fi ọ̀rọ̀ kún un. Jẹ́ kó jókòó.

Lórénà padà dé ní alẹ́ Jímọ̀, ó sì gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé ìyá àgbà Bẹ́sì dé pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀. Èrò pọ̀ nínú ilé ìtajà, ọjọ́ tí gbogbo èèyàn ń wá ra ìyẹ̀fun ni. Lórénà fúnra rẹ̀ ló gbé ẹ̀gbà náà jáde, mo rí i tí ó dúró bó ṣe rí i. Ìyá àgbà gbà á. Ó fi àtàǹpàkò ra inú ọnà rẹ̀. Ó gbé e lé orí káńtà, ó tì í padà, ó sọ gbólóhùn kan ní èdè wọn. Ọmọbìnrin náà túmọ̀ rẹ̀ fún ọ̀gá.

Ó ní, “Màmá àgbà ní kì í ṣe tòun nìyí. Ó ní kí ẹ fún òun ní tòun.”

Mísítà Kóòlù wo bébà, ó ní òun rí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Ìyá àgbà tún un sọ. Àwọn tó ń ra ìyẹ̀fun ti súnmọ́ káńtà. Ẹnì kan lẹ́yìn sọ ọ́ jáde ní Gẹ̀ẹ́sì pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, pé ẹni tó ń mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ló tà á. Ọ̀gá yíjú sí mi. Ó ní ṣé mo ṣí yàrá náà nígbà tí Lórénà kò sí.

Mo ní, “Rárá, sà. Ẹnikẹ́ni ò wá.”

Bí mo ṣe wí nìyẹn, Rukayat. N kò ní bu iyọ̀ sí i. Ohun tó yẹ kí n sọ kò ju “Mo fọ̀ ọ́ ni, sà” lọ. Ìyá àgbà á bínú, ọ̀gá á lé mi, àmọ́ kò sẹ́ni tí yóò jẹ́ olè. Lórénà wò mí. Ọ̀gá na ọwọ́, ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lórénà bọ́ épúrọ́ọ̀nù rẹ̀, ó ká a dáadáa, ó fi sórí káńtà, ó jáde. Ọmọbìnrin yẹn lọ ṣe ayẹyẹ rẹ̀ láìní ẹ̀gbà ìyá ìyá rẹ̀.

Mo rò ó pé màá sọ ọ́ ní ọ̀la. Lọ́la, mo ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ara ọ̀gá rọlẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó ti wá dà bíi pé bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á bi mí pé kí ló dé tí n kò ti sọ ọ́. Bí irọ́ ṣe máa ń dàgbà lọ́wọ́ èèyàn nìyẹn. Bí o bá fún aláìsàn ní oògùn tí kì í ṣe tirẹ̀, bí o bá gbàgbé ohun kan, bí o bá kọ nọ́ńbà tí kò tọ́, mo bẹ̀ ọ́, sọ ọ́ kí o tó bọ́ aṣọ iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Jẹ́ kí wọ́n bínú sí ọ. Ìbínú á tán. Èyí tí mo ní yìí kò tán.

Nígbà tí mo parí ẹ̀kọ́ mi, tí mo fẹ́ máa bọ̀ wá sí Maryland, Mísítà Kóòlù pè mí. Ìyá àgbà kò padà wá mú ẹ̀gbà náà, kò sì sẹ́ni tí yóò ra òkúta tó ti ṣá. Ó ní kí n mú un fún ìyàwó tí mo bá máa fẹ́, pé èmi lòun fọkàn tán jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ òun. Mo gbà á. Mo tún dúpẹ́. Bí mo bá kọ̀ ọ́, màá ní láti sọ ìdí tí mo fi kọ̀ ọ́.

Màmá rẹ fẹ́ràn rẹ̀. Gbogbo Iléyá ló ń wọ̀ ọ́ lọ yídì, àwọn obìnrin á fa ọwọ́ rẹ̀ wò, wọ́n á ní, “Alhaja, níbo lẹ ti rí eléyìí?” Màmá rẹ á nawọ́ sí mi. Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Ṣé o rántí pé mo máa ń lọ dúró síbi mọ́tò kí wọ́n tó parí ìkíni? O rò pé n kò fẹ́ràn èrò.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo pe àwọn tí a ń béèrè nọ́ńbà lọ́wọ́ wọn. Lórénà ṣì wà ní ìlú yẹn. Mo tẹ nọ́ńbà náà. Obìnrin kan gbé e, ó ní, “Hello?” Mo mọ ohùn rẹ̀. Mo gbé fóònù sílẹ̀.

Nítorí náà ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún nìyí. Mo ti kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú bébà kékeré tó wà nínú lẹ́tà yìí. Wá a lọ. Gbé ẹ̀gbà náà fún un, sọ fún un pé bàbá rẹ ní kó má bínú. Oníwà pẹ̀lẹ́ ni ọ́, ojú rẹ máa ń tu èèyàn lára. Ó máa gbọ́ lẹ́nu rẹ ju tèmi lọ.

Ọjọ́rú, òwúrọ̀

Àbẹ̀kẹ́, ohun tí mo kọ gbẹ̀yìn yẹn, má ṣe é. Mo ti yọ bébà kékeré náà kúrò. N kò fa ojú ewé yẹn ya, torí mo fẹ́ kí o rí i pé mo kọ ọ́.

Mo sọ fún màmá rẹ lánàá. Ó ti múra iṣẹ́, ó ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mo wá sọ fún un pé mo ti kọ̀wé sí ọ kí o bá mi dá ẹ̀gbà náà padà. Ó jókòó pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn.

Ó ní, “Daddy Ruka, ẹ dúró ná. Ruka lẹ fẹ́ rán? Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ job? Kí obìnrin yẹn wá máa wo ojú ọmọ mi bí ẹni ń wo olè? Ẹ ti ti obìnrin kan síwájú lẹ́ẹ̀kan, ẹ fara pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀. Ẹ tún fẹ́ ti ìkejì síwájú. Ẹ̀yin lẹ máa lọ. Ẹ fi ẹsẹ̀ yín lọ.”

Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, “Ẹ sì jẹ́ kí n máa wọ̀ ọ́ lọ yídì. Gbogbo ọdún yẹn.” Kò kí mi pé ó dìgbà. N kò lè rántí ọjọ́ mìíràn tó jáde nílé yìí láìkí mi.

Òótọ́ ló sọ. Ojú tì mí débi pé n kò lè jẹun. Láàárọ̀ yìí, mo gbé bọ́ọ̀sì, mo padà wálé, n kò jókòó, n kò bọ́ bàtà, mo tẹ nọ́ńbà náà. Bí Lórénà ṣe gbé e báyìí, mo sọ orúkọ mi kí ọwọ́ mi tó rí àyè gbé fóònù sílẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ọsàn, iyọ̀, eérú, “Rárá, sà.” Ó dákẹ́ pẹ́. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kún un, mo pa ẹnu mọ́.

Ó wá ní, “Mo mọ̀. Láti ọjọ́ Sátidé yẹn ni mo ti mọ̀. Mo ń dúró kí o sọ ọ́ ni.” Ó ní bí òun bá sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n á ní òun ń di ẹ̀bi òun ru àjèjì. Ó ní ìyá àgbà Bẹ́sì kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé òun Lórénà ló ta ẹ̀gbà náà. Ó ní ọdún mẹ́ta ni òun kò fi ríṣẹ́ lójú ọ̀nà yẹn, àti pé títí di òní, bí òun bá wọ ilé kan, ẹnì kan máa ń wá jókòó sítòsí àpótí.

Mo sunkún, Rukayat. Ó jẹ́ kí n sun ún tán. Mo bi í pé kí ni mo lè ṣe. Mo ní màá fi ẹ̀gbà náà ránṣẹ́, màá kọ̀wé sí ẹbí ìyá àgbà, ohunkóhun tó bá fẹ́. Ó ní òun ò fẹ́ ìwé. Ó ní kí n wá, òun á pe ọmọ-ọmọ Bẹ́sì àti àwọn èèyàn rẹ̀ jọ, kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́ níwájú wọn. Mo ní mo gbà. Ilé-ìwé yóò padé nínú oṣù kẹfà, a kò ní gbé bọ́ọ̀sì mọ́, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí a bá ti padé ni màá wá. Títí dìgbà náà, fi ẹ̀gbà náà sínú àpótí rẹ, má wọ̀ ọ́, má sì fọ̀ ọ́.

Mo rò pé ó ti parí ọ̀rọ̀. Ló wá bi mí bóyá mo bímọ. Mo sọ fún un nípa rẹ, pé nọ́ọ̀sì ni ọ́, pé o wà ní ìlú rẹ̀ níbẹ̀. Ó ní kí n mú ọ dání. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí n dá wá, pé o kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ó ní ọmọ òun obìnrin wà nínú ilé ìtajà lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ọmọ ọdún mẹ́fà, ó ń dúró de òun lẹ́bàá ilẹ̀kùn kí òun mú un lọ ra bàtà. Iwájú rẹ̀ ni wọ́n ti pe ìyá rẹ̀ lólè.

N kò tilẹ̀ rí ọmọ náà. N kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Gba àyè níbi iṣẹ́ fún ọjọ́ náà, Àbẹ̀kẹ́. Ọlọ́hun yóò fún mi ní ẹnu láti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá ń sọ ọ́, má dúró tì mí. Lọ dúró ti Lórénà.

Èmi ni bàbá rẹ.